Fọ́tò Onífíìmù: Kámẹ́rà Àtijọ́, Lẹ́ńsì àti Iṣẹ́ Yàrá Òkùnkùn

Fọ́tò onífíìmù ni fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ sára ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi èròjà fàdákà kùn. Ike náà ni fíìmù. Ohun tí wọ́n fi kùn ún ni jẹlatíìnì tí wọ́n sè láti inú awọ àti egungun ẹran, tí wọ́n sì po iyọ̀ fàdákà mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan iyọ̀ yìí, kódà fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yí i padà lọ́nà tí ojú kò lè rí. Àwòrán ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ títí afọ́tò yóò fi fọ fíìmù náà nínú oògùn. Lẹ́yìn fífọ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ á ṣókùnkùn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé á mọ́ gaara: agbádá funfun á di dúdú, irun orí á di funfun. Ìyẹn ni nẹ́gẹ́tíìfù. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ fọ́tò sórí pépà, tí dúdú á fi padà di dúdú, tí funfun á sì padà di funfun.

Iṣẹ́ kan náà ni káàkiri ayé, ṣùgbọ́n omi, ooru, eruku àti oòrùn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló ń pinnu bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ìràwọ̀ àti Ṣakí, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá, ooru ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú omi gbóná, iná ìjọba kì í sì í dúró pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà àtijọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń béèrè.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Ní 1839 ni Louis Daguerre fi ọ̀nà tirẹ̀ han aráyé ní ilẹ̀ Faransé. Fọ́tò Daguerre kò ní nẹ́gẹ́tíìfù; ẹyọ kan ṣoṣo ni. William Henry Fox Talbot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà oní-nẹ́gẹ́tíìfù ní 1841, ọ̀nà yìí ló sì jẹ́ kí wọ́n lè tẹ fọ́tò kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. John Herschel ló ṣàwárí pé oògùn tí wọ́n ń pè ní háípò lè yọ iyọ̀ fàdákà tó ṣẹ́ kù kúrò, kí àwòrán má baà ṣókùnkùn tán bó bá rí oòrùn. Háípò yìí náà ni àwọn afọ́tò ń lò títí di òní.

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ní Èkó. George Da Costa, tó ti kọ́kọ́ jẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé CMS, dá sítúdíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1895, ó sì ya ọ̀pọ̀ fọ́tò fún ìjọba. Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, náà ṣiṣẹ́ ní Èkó. Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ Ọ̀tà, ti gba Kóńgò lọ ní 1884. Ó ya fọ́tò níbẹ̀, nígbà tó sì yá, ó ran àwọn tó ń tú àṣírí ìwà ìkà ìjọba Ọba Leopold ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lọ́wọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń wọ ìgbèríko, ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan. Á kọ́kọ́ máa gbálẹ̀ sítúdíò, á máa pọnmi, á máa po oògùn, kí ọ̀gá tó fa kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, títí yóò fi ṣe fríídọ́ọ̀mù. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí iṣẹ́ àwọn afọ́tò Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé ìjókòó àgbà tó wọ́pọ̀ nínú fọ́tò wọn: àgbàlagbà á jókòó kojú kámẹ́rà, á wọ aṣọ ńlá rẹ̀, á ya ẹsẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú rẹ̀ á sì dúró ṣinṣin. Afọ́tò tó bá ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti fi iyì àgbà hàn, aṣọ náà sì gbọ́dọ̀ hàn kedere bí ojú ṣe hàn.

Kámẹ́rà

Kámẹ́rà onígi ló ṣáájú ní sítúdíò. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa ń dúró lé. Awọ oníṣẹ́po ló so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, afọ́tò á sì da aṣọ dúdú borí kó tó lè rí àwòrán lórí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ kì í ká. Abala kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró. Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò ní Bamako ní 1948, lo irú kámẹ́rà báyìí tí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Nẹ́gẹ́tíìfù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ ìsọdińlá. Bó ṣe tóbi náà ni fọ́tò ṣe máa tóbi.

Kodak ló sọ kámẹ́rà di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà nígbà tó gbé Brownie jáde ní 1900 ní dọ́là kan. Fíìmù 120 tó tẹ̀ lé e ní 1901 ṣì wà lọ́jà. J. D. ’Okhai Ojeikere, tí àwọn fọ́tò irun dídì rẹ̀ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, fi Brownie D bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ fífọ̀ àti títẹ̀ kó tó di ọ̀gá nídìí yíyà.

Kámẹ́rà olójú méjì ni àwọn onísítúdíò fẹ́ràn jù lẹ́yìn ti onígi. Ilẹ̀ Jámánì ni Rolleiflex ti jáde ní 1929. Yashica-Mat ti ilẹ̀ Japan tẹ̀ lé e ní 1957, kò sì wọ́n tó ti Jámánì. Lẹ́ńsì òkè wà fún wíwò, ti ìsàlẹ̀ wà fún yíyà. Afọ́tò á gbé e sí àyà, á tẹrí ba wo gíláàsì orí rẹ̀, níbi tí ọ̀tún ti ń hàn bí òsì, tí òsì sì ń hàn bí ọ̀tún. Fíìmù 120 kan ń fún un ní fọ́tò 12 onígun mẹ́rin tó dọ́gba.

Ẹ̀ka kẹrin ni ti fíìmù mílímítà 35, tó ń gba fọ́tò 36. Leica ti 1925 ló la ọ̀nà rẹ̀. Nikon F jáde ní 1959, Pentax K1000 sì wà lọ́jà láti 1976 di 1997. Kámẹ́rà yìí yá láti gbé sáré, ìdí nìyẹn tó fi bá iṣẹ́ oníròyìn mu. Lára àwọn tó mókè nínú iṣẹ́ fọ́tò ìròyìn ni Peter Obe ti Daily Times, tó ya fọ́tò Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, tó sì kó wọn jọ sínú ìwé ní 1971.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí kò nílò bátìrì láti yàwòrán; sípíríǹgì àti jíà ló ń ṣí ṣọ́tà wọn, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fíìmù. Nínú K1000, ẹ̀rọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lo bátìrì. Nítorí náà kámẹ́rà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè ṣiṣẹ́ lónìí, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó rà á. Olùrà á kọ́kọ́ yí ṣọ́tà sí ìṣẹ́jú àáyá kan, á tẹ̀ ẹ́, á sì tẹ́tí: bó bá ń fà tàbí tó há, òróró inú rẹ̀ ti gan. Bó bá jẹ́ oníṣẹ́po ni, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, á sì wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lára awọ. Á wo fóòmù etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí fóòmù àtijọ́ máa ń di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba ibẹ̀ wọlé ba fíìmù jẹ́.

Lẹ́ńsì

Lẹ́ńsì ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan lórí fíìmù. Èyí tí àwọn iléeṣẹ́ wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ jù ni Tessar, tí Paul Rudolph ṣe fún iléeṣẹ́ Zeiss ní 1902: gíláàsì mẹ́rin ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Lẹ́ńsì Yashica-Mat náà tẹ̀ lé irú ìlànà yìí. Bí ojú Tessar bá ṣí sílẹ̀ gbàgà, àárín fọ́tò á mú, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá dín in kù sí nọ́ńbà 8 tàbí 11, gbogbo rẹ̀ á mú. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ lẹ́ńsì àtijọ́ ń wá gan-an nìyí: ojú ènìyàn á hàn ketekete, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì rọra parẹ́.

Nọ́ńbà ojú lẹ́ńsì ń lọ báyìí: 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín kù sí ìdajì. Lórí kámẹ́rà onífíìmù 120 tó ń ya igun mẹ́rin, lẹ́ńsì mílímítà 75 tàbí 80 ló ń rí nǹkan bí ojú ṣe ń rí i; lórí ti mílímítà 35, 50 ni. Fún fọ́tò ojú ènìyàn lórí ti mílímítà 35 yìí, 85 sí 105 ló dára, nítorí afọ́tò lè dúró jìnnà díẹ̀ kí imú má baà hàn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀tá lẹ́ńsì ní Òkè-Ògùn jẹ́ méjì, àsìkò wọn sì yàtọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á wọ inú òrùka lẹ́ńsì, á sì máa rin. Ẹni tó bá fi etí aṣọ nu gíláàsì rẹ̀ ti fi iyanrìn ha á. Fífẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, kí wọ́n tó fi aṣọ tó mọ́ nù ún. Nígbà òjò, ọ̀rinrin á mú kí èbu hù láàárín gíláàsì, gbòǹgbò rẹ̀ á sì jẹ ojú gíláàsì náà. Àpò aláwọ tí wọ́n bá kámẹ́rà tà máa ń gba ọ̀rinrin pamọ́, torí náà kò yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà sínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Agolo tó ní ìdérí líle, pẹ̀lú àpò kékeré sílíkà tó ń fa omi, ló dára jù.

Fíìmù àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀

Fíìmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ISO tó ń sọ bó ṣe yára gba ìmọ́lẹ̀ tó. Àwọn fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun tó gbajúmọ̀ jù, bíi Tri-X ti Kodak àti HP5 Plus ti Ilford, jẹ́ 400. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, òfin kan wà tó rọrùn: nínú oòrùn gangan, wọ́n á fi ojú lẹ́ńsì sí 16, wọ́n á sì fi ṣọ́tà sí ìdá tó sún mọ́ nọ́ńbà fíìmù jù. Fíìmù 100 á gba ìdá 125 ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù 400 á gba ìdá 500. Lábẹ́ ibòji tó ṣí, ojú lẹ́ńsì á bọ́ sí 5.6 tàbí 4.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n máa ń gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí aláwọ̀ dúdú bá wọ agbádá funfun, aṣọ ló máa tan ẹ̀rọ náà jẹ, ojú á sì ṣókùnkùn jù. Afọ́tò tó mọṣẹ́ á sún mọ́ ojú, á wọn ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, á sì jẹ́ kí fíìmù gba ìmọ́lẹ̀ tó fún ojú. Bó bá di ìgbà títẹ̀, á fún aṣọ ní ìmọ́lẹ̀ sí i kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ lè hàn. Fún aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé bátànì rẹ̀ jáde.

Ọ̀sán gangan kò dára fún fọ́tò ènìyàn, nítorí oòrùn á fi òjìji sí ihò ojú. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára. Ọyẹ́ ní àǹfààní tirẹ̀: eruku òfuurufú ń fọ́n oòrùn káàkiri, òjìji á rọ̀, ojú á sì mọ́ dọ́gbadọ́gba. Gíláàsì aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ńsì lè mú kí ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù ṣókùnkùn, kí ìkùukùu sì yọ, ṣùgbọ́n kò lè ṣí aṣọ eruku ọyẹ́.

Fífọ fíìmù

Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun òde òní ń rí gbogbo àwọ̀, títí kan pupa, nítorí náà inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Yàrá tí wọ́n fi aṣọ nípọn dí fèrèsé rẹ̀ lálẹ́ tó fún èyí. Àwọn mìíràn ń lo àpò dúdú alápá tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀. Wọ́n á ká fíìmù sórí kẹ̀kẹ́ kékeré, wọ́n á fi sínú táńkì, wọ́n á dé e. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀.

Oògùn mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni dẹfẹ́lọ́pà, tó ń sọ iyọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn di fàdákà dúdú. D-76 ti Kodak, tí ìlànà rẹ̀ wà láti 1927, àti ID-11 ti Ilford ló wọ́pọ̀ jù. Èkejì ni omi tí wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ sí, tó ń dá iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà dúró. Ẹ̀kẹta ni háípò, tó ń kó iyọ̀ tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kúrò. Wọ́n á ju ègé fíìmù kan sínú háípò, wọ́n á wo ìṣẹ́jú tó gbà kó tó mọ́ gaara, wọ́n á sì fi ìlọ́po méjì ìṣẹ́jú yẹn ṣe iye tí odindi fíìmù máa lò níbẹ̀.

Ìgbóná omi ló ń pinnu àkókò. HP5 Plus nínú ID-11 tí wọn kò bomi là, ní ìwọ̀n ìgbóná 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ń gba ìṣẹ́jú méje ààbọ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni àkókò ń kúrú sí i. Bí àkókò bá sì kúrú ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, fífọ̀ kì í dọ́gba. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, omi táńkì orí òrùlé lè gbóná ju 30 lọ. Jẹlatíìnì á wú, á rọ̀, ìka lè fà á ya. Bí wọ́n bá sì mú un láti inú omi gbígbóná bọ́ sínú èyí tó tutù, ojú rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́.

Àmù jẹ́ ojútùú tó wà nílé. Omi ń gba ara amọ̀ yọ, atẹ́gùn sì ń fà á gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni inú àmù ṣe ń tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ tún ń mú un tutù sí i. Ẹni tó bá pọn omi sí àmù lálẹ́, tó sì fọ fíìmù ní ìdájí, á rí omi tó súnmọ́ èyí tó fẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n bomi la dẹfẹ́lọ́pà ní ìdajì-ìdajì: HP5 Plus á gba ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ní ìwọ̀n 20, èyí á sì fún wọn láyè láti dín in kù bí omi bá gbóná. Gbogbo oògùn, àti omi ìṣanra, gbọ́dọ̀ wà ní ìgbóná kan náà.

Níbi tó jẹ́ pé kànga ni wọ́n ti ń fa omi, ọ̀nà ìṣanra Ilford ń dín ìnáwó omi kù. Wọ́n á bu omi kún táńkì, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọ́n á dà á nù. Wọ́n á bu òmíràn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ti ìkẹyìn, nígbà ogún. Ọ̀nà yìí wà fún háípò tí kò ní èròjà ìmúle. Háípò tó ń mú jẹlatíìnì le wúlò nínú ooru, ṣùgbọ́n ó ń béèrè omi púpọ̀ sí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi aṣọ sẹ́ omi kànga kí iyanrìn má baà ha fíìmù, kí wọ́n sì so fíìmù náà kọ́ níbi tí atẹ́gùn eléruku kò dé.

Oògùn wọ̀nyí ní ewu tiwọn. Mẹ́tọ́ọ̀lù inú D-76 lè mú ara yún, nítorí náà ìbọ̀wọ́ yẹ. Ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi sínú ásíìdì. Fàdákà ti wà nínú háípò tí wọ́n ti lò, kò sì gbọ́dọ̀ dé odò tàbí ẹ̀bá kànga.

Títẹ fọ́tò

Pépà fọ́tò kì í rí pupa, ìdí nìyẹn tí gílóòbù pupa fi lè tàn ní yàrá òkùnkùn nígbà títẹ̀. Ẹ̀rọ ìsọdińlá á ju ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gẹ́tíìfù kọjá sórí pépà. Wọ́n á kọ́kọ́ dán ègé pépà kan wò, wọ́n á fún abala rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá tó yàtọ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó tọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ odindi pépà: wọ́n á fi ọwọ́ ṣíji bo ibi tí kò yẹ kó dúdú jù, wọ́n á sì fún ibi tó funfun jù ní ìmọ́lẹ̀ sí i. Pépà á wá gba inú dẹfẹ́lọ́pà, omi ásíìdì àti háípò kọjá bí fíìmù ṣe ṣe. Níbi tí kò sí iná, wọ́n lè gbé nẹ́gẹ́tíìfù ńlá lé orí pépà lábẹ́ gíláàsì, kí wọ́n tan àtùpà tàbí tọ́ọ̀ṣì sí i fún ìgbà díẹ̀. Fọ́tò á jáde ní ìwọ̀n nẹ́gẹ́tíìfù.

Iṣẹ́ yàrá òkùnkùn tó jẹ́ ti Yorùbá pátápátá ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn èjìrẹ́ bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, afọ́tò á ya èyí tó kù. Á bo ìdajì pépà, á tẹ ọmọ náà sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà á yí ìbòjú padà, á tún un tẹ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé á sì jókòó pa pọ̀. Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ èkejì rẹ̀. Marilyn Houlberg àti Sprague kọ nípa àṣà yìí ní àwọn ọdún 1970. Ọgbọ́n títẹ̀ ni afọ́tò lò, ṣùgbọ́n ohun tó fi fún ìyá ọmọ ju ọgbọ́n lọ.

Ìyípadà àti ìpamọ́

Fíìmù aláwọ̀ mèremère kò rọrùn láti fọ̀ ní yàrá ẹni. Ìlànà C-41, tó wà láti 1972, ń béèrè kí dẹfẹ́lọ́pà gbóná tó 37.8 láìyẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ lábù ló ń ṣe èyí dáadáa, torí náà nígbà tí lábù pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ onísítúdíò ti yàrá òkùnkùn wọn pa. Kámẹ́rà aláìnífíìmù ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀, àwọn kan kò fi í sílẹ̀. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó sì ń gbé ní Berlin, ti ń fi Rolleiflex rìn ká Èkó àti àwọn ìlú ńlá Áfíríkà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gba ẹ̀bùn Hannah Höch ní 2024. Ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, Leonce Raphael Agbodjelou, ọmọ afọ́tò Joseph Moïse Agbodjelou, ti fi fíìmù àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya àwọn egúngún àti àwọn ará ìlú rẹ̀. Pentax náà tún ṣe kámẹ́rà onífíìmù tuntun, Pentax 17, ní 2024.

Ìpele tó kẹ́yìn ni ìpamọ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Fọ́tò lè ya, ó lè sọnù, ṣùgbọ́n bí nẹ́gẹ́tíìfù bá wà, wọ́n lè tún un tẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú kí ike fíìmù àtijọ́ máa rùn bí ọtí kíkan, kó ká, kó sì fọ́. Bí èyí bá bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀. Àpò pépà tí kò ní ásíìdì, àpótí tó ga kúrò nílẹ̀, yàrá tó tutù tí kò sì ní ọ̀rinrin, àti àkọsílẹ̀ orúkọ, ìlú àti ọdún lára àpò kọ̀ọ̀kan ni ìpamọ́ ń béèrè. Àwọn àpótí nẹ́gẹ́tíìfù tí àwọn ọ̀gá afọ́tò fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn àti nínú àjà kún fún ojú àwọn baálẹ̀, ìyàwó tuntun, ọmọ iléèwé àti ìbejì. Ẹbí tó bá ní irú rẹ̀ yẹ kó tètè gbé e kúrò nínú ooru, kó kọ orúkọ àwọn tó bá dá mọ̀ sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ṣì wà, kó sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láìda nẹ́gẹ́tíìfù fúnra rẹ̀ nù.